Sacer àti àwọn ọ̀rọ̀ ìjọ Kristẹni tó ti ara rẹ̀ jáde

Sacer jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Látìn fún ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà tàbí fún Ọlọ́run. Láti ara rẹ̀ ni sákírámẹ́ǹtì (ààtò mímọ́ ìjọ, bí ìrìbọmi), sákírísítì àti sacrarium ti wá, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún ẹbọ, àlùfáà àti ìyàsímímọ́.

Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní ní Róòmù àtijọ́. Pẹpẹ jẹ́ sacer, ṣùgbọ́n ọ̀daràn náà lè di sacer. Òfin Tábìlì Méjìlá, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, pàṣẹ pé ọ̀gá tó bá rẹ́ ẹni tó sá sábẹ́ ààbò rẹ̀ jẹ, kí ó di sacer. Wọ́n ti fà á lé àwọn òrìṣà lọ́wọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì pa á kò jẹ̀bi ìpànìyàn. Ìyàsọ́tọ̀ ni ìjọ Kristẹni mú nínú méjèèjì, wọ́n fi ègún sílẹ̀.

Ìtàn sacramentum ló kún jù. Ìbúra tí ọmọ ogun Róòmù ń ṣe fún ọ̀gágun rẹ̀ ni. Òun náà tún ni owó tí àwọn méjì tó ń bára wọn ṣẹjọ́ fi ń dógò. Ti ẹni tó bá jẹ̀bi a bọ́ sápò ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Bithynia, kọ̀wé sí Késárì Trajan pé àwọn Kristẹni máa ń péjọ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń kọrin sí Kristi, wọ́n sì ń fi sacramentum de ara wọn pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe panṣágà. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, wá so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìrìbọmi: ẹni tó ṣe ìrìbọmi ti wọṣẹ́ ogun Kristi. Nínú Bíbélì Látìn, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú Éfésù 5:32, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, èyí sì wúlò púpọ̀ fún àwọn tó ka ìgbéyàwó mọ́ sákírámẹ́ǹtì. Méje ni ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjọ Àgùdà, kà. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, fìdí iye náà múlẹ̀ lọ́dún 1547. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, méjì ni Kristi fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀: ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Sákírísítì ni yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn, tí wọ́n sì ń kó ago àti àwo pẹpẹ sí. Nínú rẹ̀ ni sacrarium máa ń wà, ní ilé ìjọsìn Kátólíìkì. Téèyàn bá wò ó, á rò pé agbada ìfọwọ́ lásán ni, àmọ́ páìpù rẹ̀ kì í lọ sí gọ́tà tàbí sókàwéè. Inú ilẹ̀ ló wọ̀ tààrà. Omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣan aṣọ tí wọ́n fi nu ago, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Bí wáìnì tí wọ́n ti yà sí mímọ́ bá ta sílẹ̀, wọ́n á fi omi fọ ojú ibẹ̀, wọ́n á sì da omi náà sínú sacrarium. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ago kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Mímu ni wọ́n ń mu ún tán.

Sacrificium, tó jẹ́ ẹbọ, já sí sísọ nǹkan di mímọ́. Sacerdos ni àlùfáà. Sacrilegium bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olè jíjà ní tẹ́ḿpìlì, kó tó gbòòrò dé orí gbogbo ìwà tó ń ba ohun mímọ́ jẹ́. Èyí tí ó ṣòroó dá mọ̀ jù ni sexton ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Sacristanus ni tẹ́lẹ̀, olùtọ́jú sákírísítì; ó gba ẹnu àwọn Faransé kọjá, ìrísí rẹ̀ sì yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sexton ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì ń gbẹ́ sàréè.