Ṣé yáàdì 3 tó lóòótọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí rírán aṣọ bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà nílé

Fídíò kékeré kan ló ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Obìnrin kan gé aṣọ, ó rán igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ki rọ́bà sí i, ó nà án sórí fóòmù 6 by 6, ó ní: "Yáàdì 3 péré. Ẹ má rà á lọ́jà mọ́." Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi gbé tirẹ̀ jáde pé irọ́ gbuu ni, pé yáàdì 6 ni òun gé, kò sì bo fóòmù òun. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Kí ni wọ́n ń pè ní onírọ́bà gan-an?

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rán igun rẹ̀, tí wọ́n sì fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kó lè di abẹ́ fóòmù mú. Èyí tí kò ní rọ́bà lẹ máa ń ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù láràárọ̀, tí ọmọ á sì fà yọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta ló ń parọ́ nínú àwọn obìnrin méjèèjì?

Kò sí. Fóòmù wọn kò ga bákan náà, aṣọ wọn kò sì fẹ̀ bákan náà.

Fóòmù mi jẹ́ 6 by 6. Ṣebí ínṣì 72 níbùú lóòró nìyẹn?

Rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ ínṣì 72 lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú fóòmù tí wọ́n ń tà nílẹ̀ wa pé 6 by 6 ló gùn ní ínṣì 75, tó sì fẹ̀ ní 72. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4½ by 6 jẹ́ 75 by 54. 3½ by 6 jẹ́ 75 by 42. Ínṣì mẹ́ta yẹn wà níbẹ̀, ẹnu òǹtajà ni kì í sí. Ẹni tó bá gé aṣọ rẹ̀ sí 72 á rí i pé aṣọ dé ibi orí, kò dé ibi ẹsẹ̀. Ẹ fa téèpù fúnra yín.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò aṣọ tí mo nílò?

Ẹ wọn òòró fóòmù, ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sì wọn bó ṣe ga tó láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fojú fò, òun gan-an ló sì ń jẹ aṣọ jù. Fóòmù tí ọ̀pọ̀ wa fi dàgbà kò ju ínṣì 4 tàbí 6 lọ. Lónìí, 10 àti 12 ti wọ́pọ̀, 14 náà ò ṣọ̀wọ́n mọ́, ẹlòmíràn á tún gbé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí.

Ẹ mú òòró, ẹ fi gíga kún un lẹ́ẹ̀mejì, torí pé aṣọ máa sọ̀ kalẹ̀ níbi orí, á sì sọ̀ kalẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ẹ wá fi ínṣì 8 lé e: 4 níhìn-ín, 4 lọ́hùn-ún, èyí tó máa wọ abẹ́ fóòmù tí rọ́bà á sì gba inú etí rẹ̀. Ohun kan náà lẹ máa ṣe sí ìbú.

Fún 6 by 6 tó ga ní ínṣì 10, òòró máa jẹ́ 75 + 20 + 8, ìyẹn 103. Ìbú máa jẹ́ 72 + 20 + 8, ìyẹn 100. Yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36. Yáàdì 3 jẹ́ 108. Ó tó nìyẹn, bí aṣọ tí ẹ rà bá fẹ̀ tó ínṣì 100. Obìnrin inú fídíò kò parọ́, fífẹ̀ aṣọ rẹ̀ ni kò sọ.

Ká wá ní fóòmù náà ga ní 14. Òòró ti di 111, ìbú ti di 108. Yáàdì 3 ti já lulẹ̀ nìyẹn, àfi bí aṣọ náà bá fẹ̀ tó 111, tí ẹ sì yí i kí fífẹ̀ rẹ̀ di òòró.

Ṣé dandan ni kí n fọ aṣọ kí n tó gé e?

Bó bá jẹ́ kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́tìnì tí omi kò tíì kàn lè fi ínṣì 3 sí 5 sún kì nínú gbogbo ínṣì 100. Ẹ fi ìdajì yáàdì kún èyí tí ẹ ṣírò. Fífẹ̀ rẹ̀ náà á dín kù, nítorí náà bí 100 lẹ nílò, aṣọ tó fẹ̀ tó 105 ni kí ẹ wá.

Èyí tí mo rí rà kò ju ínṣì 90 lọ ní fífẹ̀. Ṣé mo ti jẹ gbèsè?

Ẹ ò jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè gé e lódidi. Ẹ yọ 72 kúrò nínú 90, ó ku 18, ìyẹn 9 lápá kọ̀ọ̀kan. Kò tiẹ̀ ní bo ẹ̀gbẹ́ fóòmù tó ga ní 10, ká má tíì sọ pé á wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ya orí, ìyẹn ojú òkè tí a ń sùn lé, sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé orí rẹ̀ ní 76 by 73, èyí tó fi ìdajì ínṣì sílẹ̀ yíká fún ìránṣọ. Ẹ wá gé ọ̀já tó fẹ̀ ní ínṣì 15, kí ẹ so wọ́n mọ́ra títí tí wọ́n á fi yí fóòmù po. Ó máa gbà tó ínṣì 294, kí ẹ tó ka ibi tí ẹ ti so wọ́n pọ̀. Ẹ rán ọ̀já náà mọ́ etí orí yíká, kí ẹ ki rọ́bà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yáàdì 4 gbé gbogbo rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí aṣọ bá ti sún kì. Ìránṣọ rẹ̀ pọ̀ ju ti onígun lọ, àmọ́ ó máa ń jókòó dáadáa lórí fóòmù gíga, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èkejì lọ.

Ṣé ankara ṣe é lò?

Ó ṣe é lò fún 4½ by 6. Fún 6 by 6, owó yín ló máa sọ̀rọ̀.

Ankara kì í sábà fẹ̀ ju ínṣì 45 tàbí 46 lọ. Ẹ gé yáàdì 6 sí méjì, yáàdì 3 àti yáàdì 3. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n máa fẹ̀ tó 89. Fóòmù 4½ by 6 tó ga ní 10 nílò 82, ó sì kù díẹ̀ fún sísún kì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ìránṣọ á gba àárín bẹ́ẹ̀dì gan-an, ẹ̀yìn yín á sì máa mọ̀ ọ́n lóru. Ẹ fi yáàdì 3 kan sí àárín lódidi, ẹ la èkejì sí méjì ní òòró rẹ̀, kí ẹ rán ìlàjì kan sí ọ̀tún, ìkejì sí òsì. Ojú ìránṣọ méjèèjì á bọ́ sí ẹ̀bá etí fóòmù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, àfi ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bínú sí.

Kò ní ku aṣọ fún àpò ìrọ̀rí. Ẹ ra yáàdì kan sí i.

Igun yẹn ló ń dà mí láàmú. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ká dúró lórí aṣọ 103 by 100 yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí ilẹ̀. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ínṣì 13½ lọ sápá kan, 13½ lọ sápá kejì. Gíga 10 àti 4 tó wọ abẹ́ ni 14. Ìdajì ínṣì tó dín yẹn ni ti ìránṣọ. Ẹ gé onígun náà kúrò.

Ibi tí ẹ gé náà ti ní etí méjì báyìí. Ẹ kó wọn pàdé, kí ojú aṣọ kọjú sí ojú, kí ẹ rán an láti ìsàlẹ̀ lọ dé kọ̀rọ̀ inú, kí ẹ fi ìdajì ínṣì sílẹ̀. Bí ẹ bá dé kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ rán an lọ, rán an bọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo fífà ń parí sí, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Bí ẹ bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, tí ẹ yí aṣọ padà, á dúró bí ìdérí páálí bàtà.

Ẹ máa rí igun mẹ́rin tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n kéré jù fún àpò ìrọ̀rí, wọ́n sì tóbi jù láti dà nù: wàhálà gbogbo télọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Rọ́bà mélòó, báwo ni mo ṣe máa fi sí i?

Etí ìsàlẹ̀ 6 by 6 yíká tó ínṣì 294. Rọ́bà tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lẹ nílò, nǹkan bíi yáàdì 6. Ẹ ká etí aṣọ wọlé, ẹ rán an yíká, kí ẹ fi àlàfo ínṣì méjì sílẹ̀. Ẹ fi píìnì kọ́ orí rọ́bà, kí ẹ máa tì í lọ nínú ihò náà. Ẹ fi píìnì mìíràn mú ìdí rọ́bà náà mọ́ aṣọ níta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa tì í dé ìdajì kí ìdí rẹ̀ tó wọlé lọ bá orí rẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gé rọ́bà títí ẹ ó fi gbé aṣọ wọ fóòmù wò.

Àwọn kan ń fi rọ́bà sí igun nìkan. Ó dín owó kù, àmọ́ àárín etí máa ń tú síta lórí fóòmù gíga.

Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wíìfù etí aṣọ.

Maṣíìnì dúdú lásán tó. Ẹ kọ́kọ́ rán an pẹ̀lú inú sí inú, ẹ gé etí rẹ̀ kù tín-ín-rín, ẹ yí i padà, kí ẹ tún un rán láti inú. Òwú tó ń tú á há sáàárín ìránṣọ méjèèjì. Bí ẹ bá máa ṣe báyìí, ìdajì ínṣì tí ẹ fi sílẹ̀ náà ni ìránṣọ méjèèjì gbọ́dọ̀ pín.

Ṣé ó dín owó kù lóòótọ́?

Nígbà mìíràn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ ti wọ́n, èyí tí wọ́n rán tán àti èyí tí wọ́n ń tà ní yáàdì. Ẹ fi iye yáàdì lu owó rẹ̀, ẹ fi ti rọ́bà àti òwú kún un, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ọ̀rá. Bí fóòmù yín bá ga ní 6 tàbí 8, ó ṣeé ṣe kí ti inú ọ̀rá borí. Bó bá ga ní 12 lọ sókè, ti inú ọ̀rá lè má tiẹ̀ wọ̀ ọ́, owó tí ẹ sì fi ra ohun tí kò wọ fóòmù ti ṣègbé.

Wọ́n kọ "1000 thread count" sára ọ̀rá. Ṣé ó dára jù?

Iye òwú tó wà nínú ínṣì kan níbùú lóòró ni wọ́n ń kà. Àwọn kan lọ́ òwú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì ń ka ìkọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà ṣe ń wú nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan aṣọ, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ojú òǹtajà láti òdìkejì, ẹ ti rí ìdáhùn.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún lọ́jà?

Yálà Balógun ní Èkó ni tàbí Gbági ní Ìbàdàn, ẹ má béèrè bóyá "ó tó 6 by 6". Gbogbo aṣọ ló tó 6 by 6 lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ béèrè bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì fi téèpù tiyín wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.

Àdìrẹ tí mo fi rán an ń ṣí àwọ̀ sára wa. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ sí omi.

Iyọ̀ kò lè di àwọ̀ tó ti fẹ́ ṣí mú. Àjẹṣẹ́kù aró ló ń jáde. Ẹ dá aṣọ náà fọ̀ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ má sì fi bílíìṣì sí aṣọ onírọ́bà, ó ń jẹ rọ́bà.

Ṣé mo lè rán ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ jòjòló?

Ẹ lè rán an, ṣùgbọ́n níhìn-ín, kò sí àyè fún "ó kù díẹ̀ káàtó". Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní orí fóòmù tó le, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí aṣọ onírọ́bà rẹ̀ fún dáadáa, ni kí ọmọ máa sùn sí, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora tó tú. Aṣọ tó bá yọ lórí fóòmù lè bo imú ọmọ. Ẹ nà án sórí fóòmù, kí ẹ di igun rẹ̀ mú, kí ẹ fà á gidi. Bó bá yọ, tàbí tó wú láàárín, ẹ má lò ó lálẹ́ yẹn. Tún un rán. Kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìfọṣọ, torí pé rọ́bà máa ń dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní kí n rán méjì fún òun.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní. Dọ́bù ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 135 by 190, bákan náà pẹ̀lú 4½ by 6 tiwa, ínṣì 75 yẹn ni. Ṣùgbọ́n kíìnì wọn jẹ́ 150 by 200, ìyẹn nǹkan bí ínṣì 59 by 79. Èyí tí ẹ rán sí 75 kò ní dé ẹsẹ̀ rẹ̀, owó ìfiránṣẹ́ sì ti lọ.

Mo ti gé e, mo ti rán an, kò wọ fóòmù. Kí ni kí n ṣe?

Bó bá tú jù, ẹ má tú nǹkan kan: ẹ tún igun rán ní ìdajì ínṣì sínú, kí ẹ sì fa rọ́bà mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ó bo ẹ̀gbẹ́ ṣùgbọ́n kò wọ abẹ́, ẹ yọ rọ́bà, ẹ so ọ̀já aṣọ mìíràn mọ́ ìsàlẹ̀ yíká, kí ẹ dá rọ́bà padà. Abẹ́ ló máa wà, aṣọ àtijọ́ tó. Bó bá jẹ́ orí ló kúrú, kò sí àtúnṣe tó máa dùn ún wò. Ẹ tú igun, ẹ gé ìbú rẹ̀ sí 82, kí ẹ fún ẹni tó ní fóòmù 4½ by 6 nínú ilé, bí òòró rẹ̀ bá ṣì tó 103. Bí kò bá tó, ẹ gé àpò ìrọ̀rí.