Iyọ̀ ló ń jẹ ògiri yín, kì í ṣe ayé

Mi ò tíì fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹjọ tí fóònù mi fi dún. Màmá onílé kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni. "Àǹtí ayàwòrán, ẹ dákun, ẹ máa bọ̀. Lékeléke yín ti ń bó." Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé láti orí ló ti ń bó ni, àbí láti ẹsẹ̀?" Wọ́n ní láti ẹsẹ̀ ni, pé ẹsẹ̀ ẹyẹ náà méjèèjì ti lọ, ó ku àyà. Kí wọ́n tó dákẹ́ ni mo ti mọ àìsàn tó ń ṣe ògiri náà.

Ìpè kẹrin nìyẹn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni àdúgbò náà ṣe ọdún ọnà ní ìta gbangba. Ayàwòrán mọ́kànlá ni wá. Wọ́n fún wa ní ògiri ilé, ògiri ọgbà àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lójú títì méjì, wọ́n ní kí a ya ohun tó ń gbé inú ọ̀sà àti etí rẹ̀: lékeléke, akàn, edé, igi ẹ̀gbà tó tasẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ojú oró, òṣíbàtà. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó mélòó ló lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn? Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ iléèwé ti ń dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń kọ́ ara wọn bí méjèèjì ṣe yàtọ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni bí a ṣe ń gbé àwòrán inú ìwé lọ sára ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyẹn ò le. Ẹ fi ìlà pín ìwé sí àpótí àpótí, ẹ fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì pín ògiri bákan náà, ẹ máa da àpótí kọ̀ọ̀kan kọ. Ó parí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: kí ni ògiri yìí ti mu kó tó kàn mí?

Ògiri ń mu omi. Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe kún fún ihò tí ojú ò lè rí, àwọn ihò yẹn sì ń fa omi bí òwú fìtílà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Omi ò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé ní Èkó. Ẹ gbẹ́lẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ní Ìlàjẹ Bàrígà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó kan omi kí apá tó máa ro yín. Ilé tí wọ́n bá ti fi nǹkan dí omi lójú ọ̀nà láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, omi á dúró níbẹ̀. Ilé tí wọn ò bá dí i, tàbí tí ohun tí wọ́n fi dí i bá ti gbó, omi á máa gùn ún lọ dé orúnkún, dé ìbàdí, títí yóò fi rí ojú oòrùn.

Ká ní omi nìkan ni, kò bá má burú. Iyọ̀ tó gbé dání ló burú. Ó ń kó iyọ̀ látinú ilẹ̀ etí ọ̀sà, ó sì ń kó o látinú yanrìn òkun tí birikìlà kò fi omi tútù fọ̀ torí èrè. Nígbà tí omi bá dé ojú ògiri, oòrùn á gbé omi lọ, iyọ̀ á kù síbẹ̀. Iyọ̀ tó kù á dì, á di òkúta wẹ́wẹ́, á máa wú lẹ́yìn ọ̀dà títí ọ̀dà ó fi jù ú sílẹ̀. Tí òjò bá tún dé, iyọ̀ kan náà á tún máa fa omi látinú afẹ́fẹ́. Ẹ wo iyọ̀ inú ike ìdáná yín lóṣù Kẹfà bó ṣe máa ń sunkún. Bó ṣe ń yọ́ tó ń dì nìyẹn, tó ń yọ́ tó ń dì, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì dì, ó ń ti ọ̀dà síta díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo dé ilé Màmá, mo fi èékánná họ abẹ́ ẹyẹ náà. Nǹkan funfun kúná bíi láfún bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo kán omi sí i, mo fi ìka méjì ra á, ó yọ́ dànù. Ẹfun kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló ń yọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ fún àwọn tó ṣètò ọdún náà kí wọ́n fún ògiri yẹn ní ọjọ́ mẹ́ta kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àsìkò ò sí, àlejò ń bọ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ ojú rẹ̀, ó ń dán lójú gbogbo èèyàn. Mo yà á. Mi ò tún ní yà á bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ti ògiri tuntun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké torí mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé mẹ́ta, kò wọ ẹnikẹ́ni létí. Ẹ ò lè rẹ́ ògiri lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ ní ká wá kùn ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú bí wọ́n ṣe ń ṣe é: omi eérú pẹ̀lú adín, ẹ gbé e ka iná, ọṣẹ ni. Irú agbára tó wà nínú omi eérú ló wà nínú sìmẹ́ǹtì tuntun. Òróró ló sì wà nínú ọ̀dà glọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá fi glọ́ọ̀sì kun sìmẹ́ǹtì tí kò tíì rọlẹ̀, ọṣẹ lẹ ń sè lára ògiri. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tó sì ń ṣí kúrò bí awọ. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ fún un, kí ẹ tún fi kún un tó bá jẹ́ àsìkò òjò. Ìdí kan náà ni mo fi ń lo ẹmọ́ṣọ̀n tó dára, èyí tó ń jẹ́ kí ògiri mí, dípò glọ́ọ̀sì tó ń dì í lẹ́nu pa.

Àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Pópó ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ èyí ṣáájú wa. Ògiri amọ̀ ni wọ́n ń kùn, ohun tí wọ́n fi ń kùn ún sì wá látinú ilẹ̀ àti ewé, kò dí ògiri nímú. Wọn ò retí kó wà títí ayé. Tí àsìkò rẹ̀ bá tún pé, wọ́n á tún un kùn. Iṣẹ́ obìnrin ni kíkun ògiri nílẹ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé rólà. Ìyẹn ló fi ń dùn mí tí wọ́n bá bá mi lórí àkàbà tí wọ́n ń bi mí pé ọ̀gá mi dà. Ẹ̀ka ọnà Yabatech ni mo ti jáde, iléèwé tó ti wà láti 1947, níbi tí Yusuf Grillo ti ṣe olórí ẹ̀ka náà fún ọdún pípẹ́. Èmi ni ọ̀gá níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe sí ògiri Màmá kí wọ́n tó pè mí.

Nígbà tí funfun àkọ́kọ́ yọ, wọ́n pe kunlékunlé kan tó ń jókòó ní oríta. Ó wo ògiri láti ojú títì, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní omi òjò ló ń wọlé, pé glọ́ọ̀sì ló máa dí i. Ó fi glọ́ọ̀sì kun ẹsẹ̀ ògiri yíká. Omi tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti léròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, omi tó há sì gùn ún kọjá ibi tó dé tẹ́lẹ̀, ó fi àbàwọ́n ràbàtà kan sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ayálégbé wo àbàwọ́n náà, wọ́n ní èèyàn ló jókòó yẹn. Wọ́n ní ayé ti dé ilé náà.

Àdúgbò kan náà ló kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wa fẹ́ ya òwìwí. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Òwìwí, ẹyẹ tó ń bá wọn pa eku lóru! A fi lékeléke rọ́pò rẹ̀ kí àlàáfíà lè wà.

Wọ́n bá lọ mú ọkùnrin kan wá tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Ó gbàdúrà, ó gbowó, ó sì ní kí wọ́n máa da iyọ̀ sí omi, kí wọ́n máa dà á sí ẹsẹ̀ ògiri náà láràárọ̀, ọ̀rá iyọ̀ kan lójúmọ́, fún ọjọ́ méje. Iyọ̀! Sí ògiri tí iyọ̀ ń pa! Mi ò bá Màmá wí, ẹ̀rù ló bà wọ́n, ẹ̀rù sì lè mú àgbàlagbà ṣe ohunkóhun fún ilé tí àna wọn fi sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni mo bá wí. Ó gba owó lọ́wọ́ opó, ó fi owó opó ra oúnjẹ fún àrùn.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí iyọ̀ wòlíì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ tán, kunlékunlé náà padà wá, ó ní òun máa ha ògiri náà dé búlọ́ọ̀kù. Ilé yẹn ti wà ṣáájú òmìnira 1960. Lábẹ́ ẹmọ́ṣọ̀n wa, ọ̀dà olóròóró àtijọ́ wà níbẹ̀ ní ìpele ìpele: ewé, mílíkì, lẹ́yìn náà ìyeyè kan tó mọ́lẹ̀ rekete. Ó fi irin ha á ní gbígbẹ, ó fi sáǹdípépà họ ọ́, eruku gba ojúde. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ-ọmọ Màmá, tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta, jókòó sórí ẹní lábẹ́ ògiri náà. Irun rẹ̀ ti funfun. Bísíkíìtì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èépá ọ̀dà ìyeyè wà ní òsì, ó sì ti gé igun rẹ̀ jẹ. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìka gbọ́n ẹnu rẹ̀, gbogbo ilé ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Òjé ni, ẹ̀yin èèyàn mi, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead. Òjé ni wọ́n fi ń mú kí ọ̀dà ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn àtijọ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi sínú ọ̀dà olóròóró mìíràn kó lè tètè gbẹ. Tó bá wà lára ògiri tí kò bó, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Tí ẹ bá ha á ní gbígbẹ, ó di eruku, ó wọ ẹní, ó wọ àwo oúnjẹ, ó wọ ọmọ lẹ́nu. Ó máa ń dùn lẹ́nu díẹ̀, ìyẹn ló fi ń wu ọmọ. Ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà, ìba lè má mú un, ó lè má bì, ẹ lè má rí i títí ẹ ó fi máa sọ pé orí ọmọ náà kú níléèwé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ìyá ọmọ náà ní ìdọ̀tí lásán ni, pé òun á wẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó wẹ̀ ẹ́, kó sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé, kó dárúkọ òjé fún dókítà kí wọ́n má baà fún un ní oògùn aràn. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí èsì dé, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò lóṣooṣù báyìí, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Sùúrùlérè ló sì ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ ha ògiri ilé àtijọ́, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sì máa rin ín bí ẹ ṣe ń ha á. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ dì í mọ́ ẹ̀gbin rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Ẹ bo imú. Kí ọmọ àti aboyún kúrò nílé títí ẹ ó fi fi aṣọ tútù nu gbogbo rẹ̀ tán. Kunlékunlé tó bá fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ń bẹ̀rù eruku, ẹ lé e lọ.

A ti ṣe ti ògiri Màmá bẹ́ẹ̀. A fọ́ gbogbo ibi tí iyọ̀ dé, àti ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lókè rẹ̀, a sì fi yanrìn odò tí a fọ̀ tún un rẹ́. Ó ti lé ní oṣù kan. Mo gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níbùú lóròó, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Tí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá lẹ́yìn òru kan, inú ògiri lomi ti ń bọ̀, kò tíì tó kùn. Màmá ni mo fi ṣọ́ ọ. Tí wọ́n bá jí, wọ́n á wò ó kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pè mí. Lánàá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: òkè ọ̀rá ti gbẹ, ṣùgbọ́n omi wẹ́wẹ́ ṣì tò sí igun ìsàlẹ̀, bí òógùn tó máa ń yọ sórí imú ọmọ tó ń sùn. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn ra ọ̀dà. Mo ní, "Rárá mà, ẹ jẹ́ ká lẹ ọ̀rá mìíràn."