Bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ìránṣọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìránṣọ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ànkàrá tuntun tó rà ní ọjà Wàásó ló máa ń kọ́kọ́ tì bọ abẹ́ máṣíìnì. Kó tó pẹ́, òwú ti ta kókó lábẹ́ aṣọ, ojú ìrán ti wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti gbà pé ọwọ́ òun ò bá iṣẹ́ náà mu. Ọwọ́ kọ́ ló dùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wa máṣíìnì.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, máṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀, irú Butterfly yẹn, ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án bí wọ́n bá mú iná lọ, bí ẹsẹ̀ yín bá sì ṣe yá tó náà ló ṣe máa sáré tó. Oníná máa ń já mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ ya ìlà sójú ewé ìwé àjákọ, ẹ yọ òwú kúrò, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tó ti gbó sí i, torí bébà máa ń mú kí abẹ́rẹ́ kú. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹsẹ̀ tó gbà á. Bí wíìlì bá yí padà sẹ́yìn, ẹ dúró, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀: yíyí sẹ́yìn yìí ló máa ń já òwú lọ́jọ́ tí òwú bá wà níbẹ̀. Ẹ wo ihò tí abẹ́rẹ́ lu: ṣé orí ìlà ló wà? Bí ìlà tó nà bá ti gún, ẹ bọ́ sórí èyí tó ní igun. Tí ẹ bá dé igun, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú bébà, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, ẹ yí bébà, kí ẹ gbé e padà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya róbótó. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lórí bébà kò pọ̀ jù.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ló bá ànkàrá mu. 11 ni ti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 ni ti jíìnsì. Ara abẹ́rẹ́ ní kòtò gígùn kan. Ẹ̀gbẹ́ tí òwú ń gbà wọ ojú abẹ́rẹ́ ni kòtò yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá fi í sódì, ńṣe ni máṣíìnì á máa fo ojú ìrán, tàbí kó má rán rárá.

Òwú tó ń ta kókó lábẹ́ aṣọ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Torí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí kókó, bọ́bìnì, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ká òwú ìsàlẹ̀ mọ́, ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká. Òwú òkè ló sábà máa ń fà á. Àwo kékeré méjì wà tó ń fún òwú òkè pọ̀. Bí òwú kò bá wọ àárín wọn, kò sí ohun tó dì í mú, ó kàn ń tú sísàlẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bá sì wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń fi òwú sí i, àwo yẹn ti pa dé, òwú ò lè wọlé. Torí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè kí ẹ tó fi òwú sí i. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ẹ fa òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn tó íńṣì 4, kí ẹ dì wọ́n mú díẹ̀. Ojú ìrán bíi mẹ́wàá nínú íńṣì 1 dára fún ànkàrá.

Aṣọ tí ẹ máa kọ́kọ́ rán ni ti ìrọ̀rí. Ẹ ra yáàdì 2, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́, torí òwú aṣọ máa ń sún kì, ó sì sàn kó sún kì kí ẹ tó gé e. Fún ìrọ̀rí tó fẹ̀ ní íńṣì 18, tó gùn ní 26, ẹ gé aṣọ tó fẹ̀ ní 19, tó gùn ní 60. Ẹ gé e lọ gbọọrọ bá etí tí wọ́n kọ̀wé sí, tí kì í tú. Aṣọ tí a bá gé dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ máa ń fà, kì í sì í jókòó dáadáa mọ́.

Ẹ ṣẹ́ etí kúkúrú méjèèjì: ẹ ká ìdajì íńṣì, ẹ tún un ká, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ rán an. Ẹ tẹ́ aṣọ náà kí ojú rẹ̀ tó dára wà lókè, ẹ ká etí kan wá sórí rẹ̀ tó íńṣì 26. Íńṣì 6 tó kù ní òdìkejì ni kí ẹ wá ká lé e lórí. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìdajì íńṣì sí etí aṣọ. Kó má baà wọ́, ẹ fi téèpù wọn ìdajì íńṣì láti ẹnu abẹ́rẹ́ lọ sọ́tùn-ún, kí ẹ lẹ pílásítà síbẹ̀. Etí aṣọ ni kó máa tọ pílásítà náà, kí ojú yín má sì wà lára abẹ́rẹ́. Ẹ yí i síta, ìrọ̀rí á wọlé, etí tó kù á bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti rán mẹ́rin tó gún, bùbá ló kàn, ọrùn rẹ̀ ló sì ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ gé e kéré sí bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, torí tí ẹ bá fi ìdajì íńṣì rán an yíká, á fi odindi íńṣì 1 fẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó kéré, ẹ ṣì lè tún un gé.