Aago tó ń falẹ̀ ló tú àṣírí mass àti weight, kì í ṣe òṣùpá

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì físíìsì rí, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, ló mọ orin yìí lórí: mass ni iye ohun tó wà nínú nǹkan, kílò la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í yí padà, weight ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan náà, newton la fi ń wọ̀n ọ́n, ó lè yí padà. Lẹ́yìn náà tíṣà á ní tẹ́ ẹ bá dé orí òṣùpá weight yín á di ìdá kan nínú mẹ́fà, ọmọ á kọ ọ́ sí nóòtù, á lọ kọ ọ́ fún WAEC, ó parí. Ta ló ti dé òṣùpá nínú wa? Èèyàn 12 péré ló ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú kankan nínú wọn. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ilẹ̀ olóoru ni, etí òkun bíi tiwa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa dọ́gba lórí máàpù. Kí ló dé tá ò máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ?

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tí ayé mọ̀ látijọ́ ni aláwo méjì, ọjà lápá kan, irin tàbí òkúta lápá kejì. Òṣùwọ̀n yẹn ò lè fi ìyàtọ̀ mass àti weight han ẹnikẹ́ni láéláé, torí bí ilẹ̀ bá ṣe fa apá ọ̀tún náà ló ṣe máa fa apá òsì, ẹ gbé e lọ sórí òkè, ẹ gbé e lọ sí òṣùpá pàápàá, kílò kan á ṣì bá kílò kan dọ́gba. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kò sẹ́ni tó nílò kó pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Tiwa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tiẹ̀ tún yàtọ̀ síyẹn, kóńgò la fi ń wọn gààrí ní Òkè-Ajé, kóńgò ò mọ mass, kò mọ weight, àyè tí gààrí gbà ló ń wọ̀n, ìyẹn ló jẹ́ kí oníbàárà máa ṣọ́ ọwọ́ ìyá ọlọ́jà, bóyá ó jẹ́ kó ṣe ṣóńṣó lórí àbí ó ti ń fọwọ́ gbá a kúrò.

Ọdún 1672 ni nǹkan yí padà. Jean Richer, ará Faransé, ni Académie, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris, rán lọ sí Cayenne, ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, kó lọ máa wo ìràwọ̀, pàápàá Mars. Ó gbé aago pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù dání, ìyẹn aago tí irin tó so rọ̀ tó ń mì síwá sẹ́yìn ń darí, bí irin náà bá sì ṣe gùn tó ló ṣe ń falẹ̀ tó, torí láìsí aago tó péye kò sí bó ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ náà. Aago tó ń lọ déédéé ní Paris wá débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bíi ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ lójúmọ́. Ọkùnrin yìí ò kàn sọ pé aago bà jẹ́ kó pa á tì o, ó ń wò ó oṣù lórí oṣù, ìgbà tó yá ó gé gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù náà kù díẹ̀, kò tó mìlímítà mẹ́ta, kó tó lè bá ìràwọ̀ lọ déédéé. Nígbà tó padà sílé lọ́dún 1673 tó ròyìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́, àwọn míì ní ooru ló fa irin gùn. Èmi ò bá wọn wí, ẹni tó bá mọ oòrùn ilẹ̀ yìí, ooru náà ló máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Cayenne wà ní bíi dígírì márùn-ún sí òkè agbedeméjì ayé, Ìjẹ̀bú-Òde ò tó dígírì méje. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n rán Richer wá, ohun kan náà ló máa rí, aago Paris á máa fi bíi ìṣẹ́jú méjì falẹ̀ lójúmọ́ ní Ìjẹ̀bú, àwa là bá sì wà nínú ìwé.

Isaac Newton ló wá mú ìròyìn yẹn tó lò ó dáadáa nínú ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1687. Ó ṣírò ti ooru, ó rí i pé ooru nìkan ò tó. Ó ní ayé yìí ń yí, yíyí tó ń yí ló jẹ́ kí àárín ẹ̀ wú síta, tó jẹ́ kí òkè àti ìsàlẹ̀ tẹ́ díẹ̀, torí náà bó o bá ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì ayé ni ilẹ̀ ṣe ń fà ẹ́ kéré sí i. Fífà ilẹ̀ yìí ló sì ń mú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mì, tó bá dín kù, aago á falẹ̀. Ẹ wá wò ó: irin tó wà nínú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù Richer, ẹyọ kan ò jábọ́ nínú ẹ̀ lórí omi, bó ṣe kúrò ní Paris náà ló dé Cayenne, síbẹ̀ nǹkan kan dín kù. Ohun tó dín kù yẹn ni weight. Èyí tí ò dín kù ni mass, òun ni Newton pè ní iye ohun tó wà nínú nǹkan, ìyẹn ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àlàyé àkọ́kọ́ pátápátá. Kó má baà jẹ́ àsọdùn, ó mú àpótí igi méjì tó dọ́gba, ó fi okùn gbé wọn kọ́ bíi pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ó wá ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú wọn, wúrà, fàdákà, òjé, gíláàsì, iyanrìn, iyọ̀, igi, omi, àlìkámà. Gbogbo wọn ń mì bákan náà. Ìyẹn ni pé níbì kan náà, mass tó bá pọ̀, weight ẹ̀ á pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìdí sì nìyẹn tí ojú fi máa ń rí méjèèjì bí ẹyọ kan.

Rògbòdìyàn ò tíì tán o. Ilẹ̀ Faransé ṣòfin kílò lọ́dún 1795, wọ́n ṣe irin platinum ẹ̀ lọ́dún 1799, òmíràn rọ́pò ẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 1889, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà ṣì ń pe kílò ní mass láàárọ̀, wọ́n ń pè é ní agbára lálẹ́. Ó di ọdún 1901 kí ìpàdé àgbáyé lórí òṣùwọ̀n tó jókòó, tí wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé kílò, mass ni, pé weight jẹ́ irú agbára kan, wọ́n sì mú 9.80665 (tí à ń kà lónìí sí iye newton tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kan) gẹ́gẹ́ bí fífà ilẹ̀ tí gbogbo ayé á fi máa ṣírò. Orúkọ newton fún agbára tún di 1948. Nítorí náà ohun tí ọmọ SS1 ń kọ́ bíi pé látijọ́ ló ti wà, kò pẹ́ rárá, bàbá àgbà ẹlòmíì ti dàgbà kí wọ́n tó fẹnu kò.

Lọ́dọ̀ wa, Ijebu Ode Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ láti 1913, Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó dé lọ́dún 1949, Tai Solarin sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Láyé ìgbà yẹn ìwé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo pọ́n-ùn (ti òṣùwọ̀n, kì í ṣe ti owó) ni wọ́n ń kà, ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí pọ́n-ùn kan náà ni mass, òun náà ni weight, wọ́n wá fi poundal, tí wọ́n fi ń wọn agbára, kún un pé pọ́n-ùn kan wúwo tó bíi poundal 32, ẹni tórí ò bá dàrú kó dúpẹ́. A pààrọ̀ owó sí náírà lọ́dún 1973, òfin òṣùwọ̀n tẹ̀ lé e lọ́dún 1974, kílò àti newton wá gba kíláàsì. Lójú tèmi ìyẹn yẹ kó mú un rọrùn, torí orúkọ méjì ti wà fún nǹkan méjì.

Àfi ọjà tún bà á jẹ́. Síkéèlì onísípíríǹgì tí àwọn ẹlẹ́ja dídì gbé kọ́, fífà ilẹ̀ ló ń wọ̀n, newton ló yẹ kó wà lójú ẹ̀, kílò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti fọkàn sí bí ilẹ̀ ṣe ń fà níbi tó wà. Ní London ó jẹ́ bíi 9.81, níbí bíi 9.78, WAEC ní ká fi 10 ṣe é kí ìṣirò má baà le. Tẹ́ ẹ bá gbé síkéèlì tí wọ́n tò sí ti London wá sí Òkè-Ajé láìtún un tò, ohun tó jẹ́ kílò 50 á fi bíi gíráàmù 160 kéré lójú ẹ̀, ẹni tó ń rà ló jèrè. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ka èyí ti ń ṣírò ẹ̀ sówó.

Lójú òfúrufú níbi tí gbogbo nǹkan ti ń léfòó, tí síkéèlì ò ti ní sọ nǹkan kan, àwọn ará Skylab, ilé tí Amẹ́ríkà gbé sójú òfúrufú, lọ́dún 1973 fi àga onísípíríǹgì wọn mass ara wọn: jókòó, kó máa mì síwá sẹ́yìn, ka àkókò tó ń gbà, ẹni tí mass ẹ̀ pọ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. A ò nílò Skylab ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kẹ́ẹ̀gì méjì tó, okùn, àti ẹ̀ka igi tó le. Ẹ bu omi kún ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, ẹ so méjèèjì rọ̀, kí ọmọ máa fi ìka kan tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Okùn ti gbé ìwúwo tán, ọmọ ò gbé nǹkan kan, síbẹ̀ èyí tí omi kún inú ẹ̀ máa kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ kó tó sún. Ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sójú pátákó.