Ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó ń gbé orí pírẹ́sì ró kì í ṣe ohun àfojúdíwọ̀n

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn onílé-iṣẹ́ máa ń gbé wá bá mi, láti Ìkẹjà títí dé Ọ̀tà àti Agbára: búréèkì pírẹ́sì wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ irin, kò mú dáadáa mọ́, wọ́n ti pààrọ̀ láínì tó ń fún búréèkì náà ní ìmú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ẹ̀rọ náà sì ń dún gbì, gbì, bí orí rẹ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Tí mo bá débẹ̀, kì í ṣe búréèkì ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Géèjì afẹ́fẹ́ àwọn sìlíńdà agbérù ni mo máa ń wò, èyí tí ìwé ẹ̀rọ ń pè ní counterbalance. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí abẹ́rẹ́ géèjì náà wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ ló ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni dáì, irin tó ń fún ohun tí a ń tẹ̀ ní ìrísí, tí wọ́n ń dè mọ́ ọn ti yí padà láìmọye ìgbà. Wọ́n á ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀gá, ọtọmátíìkì ni, fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ara rẹ̀.” Kò sí ẹ̀rọ tó lè fúnra rẹ̀ mọ ìwọ̀n ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Pírẹ́sì oníkíránkì ni mò ń sọ, èyí tó ń tẹ abọ́, ìdérí àgbá àti oríṣiríṣi irin pẹlẹbẹ, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí bí kíránkì rẹ̀ ṣe ń yí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé orí ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú apá òkè dáì tí a dè mọ́ ọn, lè wúwo tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù, àwọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó wà lókè ni wọ́n sì ń fà á ró. Ṣe ni wọ́n dà bí ẹni tó bá alágbàrù di ẹrù mú lẹ́yìn: bí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, ọrùn alágbàrù ni gbogbo ẹrù á bọ́ sí, bí ó bá sì ń fà á jù, alágbàrù kò ní lè sọ ẹrù náà kalẹ̀. Nígbà tí ìfúnpá bá kéré, àyè tó wà láàárín eyín jíà àti inú bẹ́árììnì á máa ṣí, á máa pa dé, òun ló ń dún gbì náà, búréèkì nìkan ni á sì máa dá gbogbo ìwúwo dúró títí láínì rẹ̀ á fi jóná. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, mọ́tò àti kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń so agbára mọ́tò mọ́ orí ẹ̀rọ, á máa fi agbára ti orí ẹ̀rọ sísàlẹ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa gbóná láìnídìí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní sìlíńdà méjì ni ẹ̀rọ yín ní, tí fífẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ojú méjèèjì papọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin 1,414, ìfúnpá báà 1 (báà ni a fi ń wọn ìfúnpá) lójú wọn á sì lè gbé nǹkan bíi kílò 1,440. Bí orí ẹ̀rọ bá wúwo tó kílò 3,000, tí apá òkè dáì sì jẹ́ kílò 1,000, báà 2.8 ni ẹ nílò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ wá gbé dáì mìíràn lé e, tí apá òkè tirẹ̀ jẹ́ kílò 2,500. Báà 3.8 ló ti di. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 2.8, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ ni ẹ dì lé búréèkì lọ́rùn, tí ẹ sì tún ń bú ẹni tó ta láínì fún yín.

Nínú ẹ̀rọ ọtọmátíìkì, nọ́ńbà dáì ni òṣìṣẹ́ máa ń tẹ̀, PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, á sì lọ wo ìwọ̀n tí a kọ síwájú nọ́ńbà náà, á wá pàṣẹ fún fáàfù kí ó fi afẹ́fẹ́ kún tàbí kí ó tú díẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí ìwọ̀n tí ẹ kọ síbẹ̀ bá jẹ́ irọ́, irọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ á máa fi tọkàntọkàn tẹ̀ lé. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n odindi dáì, tòkè tìsàlẹ̀, síbẹ̀ apá ìsàlẹ̀ kò fara kan orí ẹ̀rọ rárá. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n da ìwọ̀n dáì kan kọ fún gbogbo dáì yòókù. Ẹ gbé apá òkè kọ́ sórí ìwọ̀n kíréènì, kí ẹ fi irin kọ iye rẹ̀ sára dáì fúnra rẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú PLC. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ máa ń kan àwo kékeré kan mọ́ ara rẹ̀, tó fi ìfúnpá tó bá ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan mu hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kun ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ lọ́dà kí ó lè dà bí tuntun, ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi bo àwo náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi ohun èlò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ha ọ̀dà yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ tó ń dà wọ́n láàmú jù ni ti àyè ìyípadà tí a ń fún ìfúnpá. Bí orí ẹ̀rọ bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà padà sínú táǹkì tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́, ìfúnpá á sì ga díẹ̀. Bí ó bá gòkè, á tún wálẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á fún àyè yìí pa, fáàfù á wá máa lé ìfúnpá kiri, tí yóò máa tú afẹ́fẹ́ “ṣìì” tí yóò sì tún máa gbà á wọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tẹ irin kan, títí tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò fi ní sinmi. Ẹ jẹ́ kí PLC máa ka ìfúnpá nígbà tí orí ẹ̀rọ bá dé òkè pátápátá nìkan, ara táǹkì ni kí sẹ́ńsọ̀ sì wà, kì í ṣe ara páìpù tó wà ṣáájú fáàfù, níbi tí yóò ti máa ka afẹ́fẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ dáì, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbà láti ṣiṣẹ́ títí ìfúnpá á fi dé iye tuntun.

Omi wá ńkọ́? Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì ń fún un di omi sínú táǹkì. Omi yẹn ń gba àyè afẹ́fẹ́, ìfúnpá á wá máa ga, á máa lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fọ gírísì kúrò lára rọ́bà sìlíńdà, ó sì ń dá ìpẹtà sílẹ̀. Fáàfù ìdami wà nísàlẹ̀ táǹkì. Ẹ ṣí i ní gbogbo àárọ̀. Ní ti ìfúnpá kílọ́ọ̀ṣì àti ti ọ́ìlì tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹrù àpọ̀jù, iye tí olùṣe ẹ̀rọ kọ ni kí ẹ lò láìfi nǹkan kan kún un, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì bá pọ̀ jù, yóò pẹ́ kó tó tú jáde, ẹ̀rọ á sì pẹ́ kó tó dúró.

Pípẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí irú pírẹ́sì yìí, 29 CFR 1910.217, ka ìyára ọwọ́ èèyàn sí íǹṣì 63 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi mítà 1.6. Bí ẹ̀rọ yín bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dúró, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti fi sẹ̀ǹtímítà 16 sún mọ́ dáì sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná sẹ́ńsọ̀ tí ẹ gbé síwájú ẹ̀rọ, tó ń dá a dúró bí ọwọ́ bá kọjá níbẹ̀, ṣì wà níbi tó wà.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn afọgbọ́njẹun tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà. Súìṣì ìfúnpá á dá ẹ̀rọ dúró nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó, wọn á gé wáyà kékeré kan, wọn á fi so ẹnu súìṣì náà pọ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, wọn á gba owó, wọn á lọ. Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́, a lo ọdún púpọ̀ lábẹ́ ọ̀gá ká tó gbà wá láyè láti fọwọ́ kan súìṣì ààbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń da ẹ̀jẹ̀ ajá sí ẹsẹ̀ pírẹ́sì, àti àwọn tó ń fi òróró àdúrà pa á lára. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Ògún tàbí lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ àtijọ́ tó ń bọ Ògún kì í lo ẹwìrì tó lu.

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n pè mí sí lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orí ẹ̀rọ sì wà lókè. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táǹkì padà sẹ́yìn ń jò, ọ́ìlì ti rin láínì búréèkì, wáyà àwọn afọgbọ́njẹun sì wà lẹ́nu súìṣì, nítorí náà fìtílà ìkìlọ̀ kankan kò tàn. Ní àárọ̀ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣètò dáì na ọwọ́ wọlé láti mú àjákù irin kan, kò sì fi òpó ààbò ti orí ẹ̀rọ. Mọ́tò kò tíì tan. Orí ẹ̀rọ náà kàn rọra sọ̀kalẹ̀ ni, ìka mẹ́ta ló sì bá a lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ṣe ètùtù, wọ́n ti gbàdúrà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì tú fáàfù náà wò. Nígbà tí mo tú u, ègé ìpẹtà tó ti inú omi táǹkì wá ló há sí i lẹ́nu, tí kò jẹ́ kó pa dé. Òfin tí mo dárúkọ lókè ti sọ ọ́ kedere pé àwọn sìlíńdà agbérù gbọ́dọ̀ lè di orí ẹ̀rọ àti ohun tó so mọ́ ọn mú níbikíbi tó bá wà, láìlo búréèkì, àti pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní jẹ́ kí ìfúnpá wọn lọ lójijì bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé mọ́. Fáàfù kékeré yẹn ni ohun náà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ wá sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ pa mọ́tò kí ẹ sì ti súìṣì rẹ̀ ní àgádágodo, ẹ wá tú afẹ́fẹ́ inú páìpù tó wà ṣáájú fáàfù náà dànù pátápátá, kí táǹkì nìkan máa dá dúró, kí ẹ kọ iye tó wà lójú géèjì táǹkì sílẹ̀. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wálẹ̀, ẹ má tan ẹ̀rọ náà títí ẹ ó fi rí ibi tó ń jò.