Igbe Ṣáàfútì Lórí Léètì: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n Kí Ó Tó Ké

Kò sí tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, n'Íbàdàn tí kò mọ igbe náà. Ṣáàfútì ẹ̀rọ ìlọta, irin gígùn tó ń yí, wà lórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin po kí ọ̀bẹ lè fá a; ọ̀bẹ ń fá a lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àfi gààrà tí irin figbe ta. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n fọwọ́ pa á: ara rẹ̀ ti rí págunpàgun. Frederick Taylor, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1907 pé nínú gbogbo ìṣòro tọ́nà, èyí ló fara sin jù.

Irin tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tẹ̀ fún ọ̀bẹ. Bí chuck, ìyẹn ìdìmú léètì, bá di orí kan mú tí orí kejì dá wà, gígùn tó di ìlọ́po 2 ń sọ títẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 8. Bí nínípọn rẹ̀ bá ku ìdajì, ó di ìlọ́po 16.

Ṣùgbọ́n títẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fa igbe. Tí irin bá gbọ̀n díẹ̀, ọ̀bẹ á fi òkè àti kòtò kéékèèké sí i lára. Irin yí po, ọ̀bẹ tún bá òkè àti kòtò ọ̀hún pàdé. Níbi tó ga, ohun tó ń fá nípọn. Níbi tó jìn, ó fẹ́lẹ́. Agbára rẹ̀ ń le, ó ń dẹ̀, irin sì ń gbọ̀n sí i. Bí táyà ṣe ń jin gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ gan-an nìyẹn.

A lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, nítorí gbogbo irin ló ní ohùn tirẹ̀, bíi gángan tí wọ́n fa ọṣán rẹ̀. Kí wọ́n di ṣáàfútì mú, kí wọ́n fi òòlù kékeré kàn án, kí fóònù tó ní áàpù tó ń wọn ohùn wà nítòsí. Irin tó nípọn ní mílímítà 25, tí mílímítà 250 nínú gígùn rẹ̀ yọ síta, á gbọ̀n tó ìgbà 285 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ìdìmú rẹ̀ bá le. Lórí léètì tó ti gbó, ó máa ń dín.

Bí iye ìgbọ̀n inú yíyípo kan bá jẹ́ odidi nọ́ńbà, òkè tuntun á bọ́ sórí òkè àtijọ́, igbe kò sì ní rí nǹkan jẹ. Àmọ́ ní yíyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbọ̀n tó 28 ló wà nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbọ̀n bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyè tó bọ́ sí odidi nọ́ńbà ti há jù láti máa ṣa eré léètì kiri. Ó sàn kí wọ́n dín jíjìn ọ̀bẹ kù, tàbí kí wọ́n fi irin ṣóńṣó tó wà ní òdìkejì chuck gbé orí kejì ró.

Tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, fóònù kan náà ló ń tú àṣírí. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10, 20, 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń bá yíyípo rìn: ìdìmú tàbí irin tó wọ́ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Èyí tí kò bá yíyípo rìn, tó sún mọ́ ohùn tí òòlù mú jáde, òun ni ọ̀tá. Ó máa ń le ní orí tó dá wà, ó sì ń rọ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń sún mọ́ chuck.

Kódà láìsí fóònù, àmì ara irin ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibì kan, kí wọ́n ka ìlà yí i po. Ìlà 27, tí ìkan fi mílímítà 3 jìnnà síkejì, lórí yíyípo 10 ní ìṣẹ́jú àáyá: ìgbọ̀n 270. Bí wọ́n bá wá fá irin náà láti 25 dé 20 ní gbogbo gígùn rẹ̀, 285 àkọ́kọ́ á di 228, òòlù á sì tún padà wúlò.