Ó kan bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí rẹfirí tún lé e jáde?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, bọ́ọ̀lù ni ẹsẹ̀ Curtis Jones ti Liverpool kọ́kọ́ kàn kó tó kan Yves Bissouma ti Tottenham. Síbẹ̀, káàdì pupa ni wọ́n fi lé e jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Son Heung-min ti Tottenham gba káàdì pupa nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ André Gomes ti Everton kán, àmọ́ àjọ FA, tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, fagi lé káàdì náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù, ṣé kò ti jàre?

Rárá. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan.

Kí wá ni òfin sọ?

Òfin 12 nínú òfin bọ́ọ̀lù pín ìwọlé, ìyẹn kéèyàn lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnì kejì, sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tí kò fara balẹ̀, fáùlù lásán ni, kò sí káàdì. Ẹni tí kò bìkítà fún ewu tó lè bá ẹnì kejì, káàdì yẹ́lò. Ẹni tó fi agbára àpọ̀jù wọlé, tàbí tó fi ara ẹnì kejì wewu, káàdì pupa ni, ì báà gba iwájú, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn, ì báà lo ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì.

Kí ni rẹfirí ń wò gan-an?

Bí eré tó bá wọlé ṣe pọ̀ tó, orúnkún tó ká tàbí tó nà gbọnrangandan, eyín bàtà tó kọjú sí ẹnì kejì, àti ibi tí ẹsẹ̀ balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ Jones tẹ orí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí, ẹsẹ̀ sì yọ̀ gorí ọrùn ẹsẹ̀ Bissouma. Yẹ́lò ni rẹfirí kọ́kọ́ fún un kí VAR (rẹfirí tó ń fi fídíò ṣàyẹ̀wò) tó pè é síbi ẹ̀rọ, àwòrán tó dúró sójú kan ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn án níbẹ̀. Mo gbà pé àwọn tó bínú sí ìyẹn lẹ́jọ́ rò. Ìlànà VAR fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi àwòrán tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti kanra, kí wọ́n sì fi àwòrán tó ń lọ bí eré ṣe lọ gan-an wo agbára. Àwòrán tó dúró lè fi ibi tí ẹsẹ̀ kàn hàn ẹ́, kò lè sọ bí ẹsẹ̀ ṣe le tó. Síbẹ̀, nígbà tí Liverpool pe ẹjọ́, FA ò dá wọn láre.

Kí ló dé tí wọ́n fagi lé ti Son?

Torí pé bí egungun ṣe kán tó kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yìn ni Son ti fẹsẹ̀ kọ́ Gomes, rẹfirí sì yọ yẹ́lò. Bí Gomes ṣe ń ṣubú lọ ló kọlu Serge Aurier, tóun náà jẹ́ ti Tottenham. Ìgbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yẹ́lò di pupa. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù ṣe ni káàdì gbọ́dọ̀ bá mu. Ìdí nìyẹn tí ìwọlé burúkú tí ẹnikẹ́ni ò fi farapa fi lè gba pupa.

Tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ńkọ́?

Òfin ò ní kí rẹfirí wo inú ọkàn. Àmọ́ tẹ́nì kan bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní 1997, Roy Keane ti Manchester United farapa níbi tó ti ń lé Alfie Haaland ti Leeds, Haaland sì dúró lé e lórí, ó ní irọ́ ló ń pa. Ní 2001, Keane fi ẹsẹ̀ gbá a lórúnkún, wọ́n sì lé e jáde. Ní 2002, ìwé tí Keane kọ fi hàn pé ẹ̀san ni. FA fi ìfòfindè ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún àti owó ìtanràn £150,000 kún ìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ẹni tó wà nílẹ̀ ló jẹra fún ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀.

Ṣé ohun tí wọ́n ń fi bo ojúgun tó láti dáàbò bo ẹsẹ̀?

Ojúgun nìkan ló ń bò. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún wà ní gbangba.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọlé láìṣeni léṣe?

Dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ títí bọ́ọ̀lù á fi jìnnà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé e lọ. Tó bá di dandan kó o yọ̀ lórí koríko, gba ẹ̀gbẹ́, ká orúnkún ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, jẹ́ kí bàtà wà nílẹ̀. Tó o bá rí i pé o ti pẹ́, fà ẹsẹ̀ rẹ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tí eyín bàtà rẹ̀ ti wọ inú koríko, tí gbogbo ara wà lórí rẹ̀, kò níbi tó máa sún sí. Oríkèé ló máa gba gbogbo agbára náà.

Tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì bá ti kán?

Na ọwọ́ sókè, pe rẹfirí, pe dókítà. Má fà á dìde, má na ẹsẹ̀ tó wọ́, má bọ́ bàtà rẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ti Gomes, Son gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní Belgrade, nílẹ̀ Serbia. Kò jó, kò sáré. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ń bẹ Gomes. Gomes padà sórí pápá ní oṣù Kejì ọdún 2020.